Ibi Tí Òkìkí Mi Dé Tí Owó Mi Kò Dé

Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń bi mí jù lọ, yálà ibi ìnáwó ni a ti pàdé tàbí ilé ìwòsàn, ni ibi tí mo gbé ọkọ̀ mi sí. Wọn kì í béèrè bóyá mo ní ọkọ̀. Wọ́n ti gbà pé mo ní, pé ó tóbi, àti pé awakọ̀ kan jókòó sínú rẹ̀ tí ó ń dúró dè mí. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ eré, lórí ìtàgé kí ó tó kan inú fíìmù, ojú mi sì ti di ojú tí ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá mọ̀ dáadáa. Ìdí nìyí tí ó fi máa ń ṣòro fún ẹni tí ó bá bá mi pàdé nínú dánfó láti gbà pé ibi tí mò ń lọ ni mo wọ̀ ọ́ lọ. Wọn a máa wo ẹ̀yìn mi bóyá kámẹ́rà ń bọ̀.

Kì í ṣe àròyé ni mo fẹ́ ṣe. Iṣẹ́ yìí ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi, òun náà ni mo sì fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé àwọn ará ìta gbà pé òkìkí àti owó kì í ya ara wọn, pé bí ọ̀kan bá ti wọlé, èkejì ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Nínú iṣẹ́ tiwa, wọ́n ti pínyà tipẹ́. Púpọ̀ nínú ohun tí ó ń ya àwọn òǹwòran lẹ́nu nípa àwa òṣèré, títí kan ọkọ̀ àyálò tí a fi ya fọ́tò, ìjà orí Instagram àti ẹ̀bẹ̀ owó nígbà tí àìsàn bá dé, inú ìpínyà yẹn ni ó ti jáde.

Wọn kò pínyà bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Hubert Ògúndé fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1940 tí ó sọ eré di iṣẹ́ oojọ́, òun àti àwọn tí ó tẹ̀ lé e, Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládiípọ̀, Oyin Adéjọbí, àti Moses Ọláìyá tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ojú ọ̀nà ni wọ́n ń gbé ju ilé lọ. Ọkọ̀ kan náà ni ó máa ń kó òṣèré, ìlù, aṣọ àti jẹnẹrétọ̀. Bí wọ́n bá wọ ìlú ní ọ̀sán, wọn a lẹ ìwé ìpolówó mọ́ ara ògiri, wọn a sì fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn yí ìlú ká. Bí ilẹ̀ bá ṣú, gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ tàbí ti ilé ọtí ni eré yóò ti wáyé. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́ ní òṣèré nígbà náà, ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ni ó ti ń san owó mímọ̀ náà. Bí òkìkí bá pọ̀, èrò a pọ̀. Bí èrò bá pọ̀, owó ẹnu ọ̀nà a pọ̀, ní alẹ́ ọjọ́ kan náà, kí ilẹ̀ ó tó mọ́. Ìlú tí kò bá mọ̀ yín, ẹ ó fi ebi sùn níbẹ̀, ẹ ó sì tún ọ̀nà tọ̀ ní òwúrọ̀.

Ìparí ìgbà yẹn ni mo bá. Mo ṣì kéré nígbà tí mo wọ ẹgbẹ́ ọ̀gá mi, a sì ń lọ láti Ìbàdàn dé Ìlọrin, láti Oǹdó dé Abẹ́òkúta. N kò ní purọ́ fún yín pé ìgbádùn ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá ni ó ń gba owó, ọ̀gá ni ó ń bọ́ wa, ohun tí ó bá sì fún ọ lẹ́yìn eré ni o ó kúnlẹ̀ gbà. Àwọn ìyàwó ọ̀gá náà wà lára òṣèré, wọ́n tún ń dáná fún gbogbo wa, kò sì sí ẹni tí ó ń san owó oṣù fún wọn. Síbẹ̀, ohun kan dájú. Bí àwọn èrò bá pariwo orúkọ rẹ nínú gbọ̀ngàn, ọ̀gá gbọ́ ọ, ó sì mọ̀ pé bí o bá bínú lọ, owó ẹnu ọ̀nà yóò dín kù. Òkìkí rẹ wà ní ibi tí o ti lè nawọ́ tọ́ka sí i.

Fíìmù dé, okùn tí ó so méjèèjì pọ̀ kò sì já lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn onífíìmù ìgbà náà, Ògúndé pẹ̀lú, ni wọ́n ń gbé fíìmù wọn káàkiri fúnra wọn, láti ìlú dé ìlú, bí wọ́n ti ṣe ń gbé eré ìtàgé, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹni tí kò bá jókòó ti ohun rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò jẹ ẹ́. Bàbá Sàlá ni ọ̀rọ̀ náà kọlù gidi. Fíìmù rẹ̀ Ọ̀run Móoru, tí Ọlá Balógun darí, jáde ní 1982. Àwọn olè ṣe àdàkọ rẹ̀ sórí fídíò, wọ́n sì ń tà á kí olówó rẹ̀ tó rí èrè kó nínú rẹ̀. Gbogbo ilé ń wò ó, gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, onífíìmù jókòó ti gbèsè. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí òkìkí àti owó ti kọ ara wọn sílẹ̀ nínú iṣẹ́ wa, ibẹ̀ ni èmi yóò ní kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò. Nígbà tí bàbá náà kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, àwọn ọmọdé tí a kò tíì bí nígbà tí ó ń ṣeré mọ awò gbàgàdà ojú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni fídíò wá di ilé fún wa. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, náírà ti rẹlẹ̀, owó tí wọ́n fi ń ya fíìmù gidi ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, ẹ̀rù òru kò sì jẹ́ kí àwọn ènìyàn fẹ́ jáde lọ wòran mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì ni a sá sí. Màkẹ́tà tí ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìdúmọ̀tà l'Ékòó di ẹni ńlá: òun ni ó ń dáwó, òun ni ó ń sọ irú ìtàn tí yóò tà, òun ni ó ń sọ òṣèré tí ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára páálí. Onífíìmù ń gba owó lọ́wọ́ màkẹ́tà, òṣèré ń gba tirẹ̀ lọ́wọ́ onífíìmù, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó tán síbẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì náà ní tirẹ̀ kò dúró. Ó ń lọ sí Kútọnu, ó ń lọ sí London, ó ń lọ sí gbogbo ibi tí ọmọ Yorùbá bá gbé àpótí rẹ̀ lọ. Ẹnìkan ní Peckham lè mọ orúkọ mi, orúkọ ọmọ tí mo bí nínú fíìmù, àti irú gèlè tí mo wé ní apá kejì. Kò sí ọ̀nà kankan tí kọ́bọ̀ nínú owó tí ó fi rà á lè gbà dé ọ̀dọ̀ mi. Eré tí wọ́n bá sì ti rà pa, kò sí ẹni tí ó tún lè béèrè owó lórí rẹ̀ mọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé owó tí a ń gbà ní lokéṣọ̀n, ibi tí a ti ń ya fíìmù gan-an, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kò tó nǹkan. Àáró ni a ń ṣe. Bí àgbẹ̀ ṣe ń bá àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ roko kí òun náà lè wá bá a ro tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ń bá ọ jáde nínú fíìmù tìrẹ kí o lè bá mi jáde nínú tèmi. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, síìnì díẹ̀ péré ni, ẹ bá mi tún un ṣe, èmi náà ò ní gbàgbé yín.” Owó ọkọ̀ ni wọn yóò fi lé ọ lọ́wọ́, pẹ̀lú àdúrà. Ètò náà kò burú fún ẹni tí ó ní fíìmù tirẹ̀ láti ṣe. Òun ni ó gbé iṣẹ́ wa ró nígbà tí báǹkì kan kò jẹ́ yá wa ní owó. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní agbára láti gbé fíìmù jáde, irú èmi yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, oko olóko ni ó ń ro títí tí tirẹ̀ fi ń di igbó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọjọ́ kan ṣe máa ń rí. Wọn ó ní kí o dé ní aago mẹ́fà òwúrọ̀. O ó gbé àpò aṣọ dání, nítorí aṣọ ara rẹ ni o ó fi ṣeré: léèsì fún ìyá olówó, àǹkárá tí ó ti ṣá fún ìyá tálákà, dúdú fún ọ̀fọ̀. Onílé tí wọ́n yá ilé rẹ̀ yóò ti yí ọkàn padà, tàbí kí aládùúgbò tan jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ kí ohùn má baà mọ́, àfi bí wọ́n bá lọ fún un ní nǹkan. Gbajúmọ̀ tí ẹ jọ wà nínú síìnì ṣì wà lórí lokéṣọ̀n ẹlòmíràn, ní òdìkejì ìlú. Ọ̀sán gangan ni ẹ ó tó fojú kàn án. Olùdarí yóò wá ya gbogbo apá tirẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí ó lè tètè máa lọ, àwọn ọ̀rọ̀ tí ìwọ sì fẹ́ bá a sọ, afẹ́fẹ́ ni o ó sọ ọ́ sí ní aago mọ́kànlá alẹ́, nígbà tí òun ti jẹun alẹ́ tán nílé rẹ̀. Omijé tí ẹ rí lójú mi nígbà tí ọmọ mi wò mí tí ó ní òun kò mọ̀ mí rí, ọ̀pá tí wọ́n gbé iná kọ́ ni mo ń wò tí mo fi sun ún.

Ẹ̀gàn kọ́. Inú irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti yé mi. Lórí ìtàgé, ọ̀gá mi a máa lọ dúró sí ẹ̀yìn àga tí ó kẹ́yìn nínú gbọ̀ngàn. Ọ̀rọ̀ tí òun kò bá gbọ́ níbẹ̀, o ó tún un sọ títí yóò fi gbọ́ ọ. Bí o bá bínú, apá rẹ, ọrùn rẹ àti ìrìn rẹ gbọ́dọ̀ bínú kí ẹni tí ó jókòó lókèèrè lè mọ̀. Kámẹ́rà kò fẹ́ ìyẹn. Ó wà nítòsí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń rí itọ́ tí o gbé mì, bí o bá sì pariwo mọ́ ọn, irọ́ ni yóò mú jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a ti ìtàgé wá ni kò gba èyí gbọ́, ìdí sì nìyí tí àwọn fíìmù àtijọ́ kan fi dà bí ìjà ní gbogbo ìgbà, kódà nígbà tí wọ́n ń kí ara wọn káàárọ̀.

Síìnì kan wà tí mo gbọ́dọ̀ lé ìyàwó ọmọ mi jáde nílé. Olùdarí fẹ́ ìgbátí, ó fẹ́ èébú, ó fẹ́ kí n da ẹrù ọmọ náà síta. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n dán nǹkan mìíràn wò. Mo ní kí wọ́n wá àtẹ ẹ̀wà fún mi. Mo jókòó, mo ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, bí mo sì ti ń ṣà á ni mò ń sọ fún un pé kí ó máa lọ sílé bàbá rẹ̀. N kò gbé ojú sókè, n kò dá ọwọ́ dúró, n kò sì gbé ohùn ga ju ti ẹni tí ó ń béèrè iyọ̀ lọ. Nígbà tí ọmọ náà kúnlẹ̀ tí ó di ẹsẹ̀ mi mú, mo rí òkúta kan, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ. Ọmọbìnrin tí ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ bú sẹ́kún. Bí ẹ bá bi mí ní ohun tí mo fi ń dúró nínú iṣẹ́ yìí, irú ìṣẹ́jú yẹn ni. Owó tí mo gbà ní ọjọ́ náà kò tó ra ìró tí mo ró.

Ìṣẹ́jú yẹn kan náà ni ó sọ mí di ìyá ọkọ burúkú ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Kò sí ohun tuntun nínú kí ipa gbé orúkọ ẹni mì. Òjó Arówóṣáfẹ́ di Fádèyí Olóró. Babátúndé Omídínà di Bàbá Súwé títí ó fi jáde láyé ní 2021. Kareem Adépọ̀jù di Bàbá Wándé, Adébáyọ̀ Sàlámì di Ọ̀gá Bello. Ògúndé fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tí ó kó ipa Ọ̀ṣẹ́tùrá nínú fíìmù rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Aiyé, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ohun tí ó ń ṣe sí àwọn àjẹ́ nínú fíìmù, ó lè ṣe é ní òde. Orúkọ bẹ́ẹ̀ ń tajà. Òun ni wọ́n fi ń pè ọ́, òun ni wọ́n sì fi ń dè ọ́ mọ́lẹ̀. Bí fóònù mi bá dún tí ẹni tí ó pè bá ní, “Màámi, ipa yín gan-an ni,” n kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè. Ilé ọmọ mi ni, ìyàwó kan wà níbẹ̀, yóò jáde. Mo ti lé wọn jáde ní Ìkòròdú, mo ti lé wọn jáde ní Ọ̀ṣogbo, bí wọ́n bá kó gbogbo wọn jọ, wọn ó tó dá abúlé sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó pè mí rí pé kí n wá ṣe adájọ́, tàbí obìnrin tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí ìfẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tọ̀.

Àwọn òǹwòran ní tiwọn kò ya èmi àti obìnrin náà sọ́tọ̀. Ní ọjà kan, ìyá alátà kan wò mí títí, ó wá ní, “Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ohun tí ẹ ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ yẹn ò dáa.” Kò rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ìyá, eré ni.” Ó ní òun mọ̀ pé eré ni, ṣùgbọ́n ó wà lára mi ni ó fi mọ́ mi lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ó wá bu ata lé èyí tí mo rà, ó bù ú dáadáa, ó ní kí n fi bẹ ọmọ náà. Mo gba ìyẹn gẹ́gẹ́ bí oyè. Ẹni tí ó fún mi ní àmì ẹ̀yẹ nínú gbọ̀ngàn aláfẹ́fẹ́ kò tíì yìn mí tó ìyá alátà yẹn.

Ṣùgbọ́n òmíràn wà tí n kò lè kà sí oyè. Ní ọjọ́ tí a sin ìyá mi, bí mo ti dúró létí sàréè tí ojú mi kò gbẹ, mo gbọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan lẹ́yìn mi tí ó sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé, “Wò ó bí ó ṣe ń sunkún, bíi ti inú fíìmù.” Fóònù ti wà lókè. Nígbà tí a kúrò níbẹ̀, obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí dì mọ́ mi, ó kí mi kú àṣẹ̀yìndè, ó sì ní kí n tújú ká díẹ̀ nítorí fọ́tò. Mo tú u ká. Iṣẹ́ mi ni, ara mi ti mọ̀ ọ́n. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi tí wọn kì í ṣe òṣèré ni inú bí.

Nígbà tí òkìkí bá ti dé ibi tí owó kò dé, ẹni tí ó ní òkìkí náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kó ipa kejì, èyí tí ẹnikẹ́ni kò san owó rẹ̀: ipa olówó. Aṣọ ẹbí tí wọ́n gbé wá fún ọ, o kò gbọdọ̀ ní o kò rà. Bí o bá dé òde ìnáwó, wọn ó wo ọwọ́ rẹ. Àwọn ará ilé bàbá rẹ yóò mú owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wá, àwọn ará àdúgbò yóò mú ti ẹ̀rọ iná mànàmáná tí ó jó wá, bí o bá sì ní kò sí, wọn ó ní ahun ni ọ́. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí àwọn àbúrò wa tí wọ́n ń ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tí kì í ṣe tiwọn, nínú yàrá tí wọ́n yá fún wákàtí díẹ̀. Ẹ ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ bí àṣírí bá tú, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Èmi kì í lè rẹ́rìn-ín. Onífíìmù gan-an ń wo Instagram kí ó tó pe ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá rí bí tálákà níbẹ̀, owó tálákà ni wọn yóò dá lé e. Ọ̀ràn náà wá dà bẹ́ẹ̀ pé irọ́ ọrọ̀ di ara owó tí a fi ń wá iṣẹ́. Nígbà tí àìsàn bá dé lọ́jọ́ kan, tí ẹni náà bá jáde wá bẹ̀bẹ̀ pé kí aráyé ṣàánú òun, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń bi í ni ibi tí ó kó gbogbo owó rẹ̀ lọ.

Nítorí náà ni gbogbo wa ṣe di oníṣòwò ojú. Ojú tí ayé mọ̀ kò ní owó nínú fíìmù, a ó gbé e lọ sí ibi tí wọn yóò ti rà á: a ó ṣe alága ìdúró àti alága ìjókòó, a ó polówó ilẹ̀ àti ọṣẹ, a ó tẹ̀ lé olóṣèlú nígbà ìdìbò, a ó ta aṣọ. N kò bú ẹnikẹ́ni, èmi náà ti polówó àgbo rí. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé ọjà yẹn ń gba àkókò. Mo mọ òṣèré ọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ lásán lè sọ ìtàn kan fún yín láìsí ọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo rí i nínú eré gidi, nítorí òpin ọ̀sẹ̀ kan ní ibi ìgbéyàwó ń pa owó fún un ju oṣù kan lórí lokéṣọ̀n lọ. Òkìkí tí eré fún un ni ó gbà á lọ́wọ́ eré.

Wọ́n ní ayé ti yí padà báyìí, ó sì yí padà lóòótọ́. Ní ìparí 2023, fíìmù Fúnkẹ́ Akíndélé wọ sinimá, ó sì di fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ nínú ilé sinimá. Inú mi dùn débi pé mo jó nínú ilé. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: kì í ṣe nítorí pé ó jẹ́ òṣèré ni owó náà ṣe wọlé fún un, bí kò ṣe pé òun náà ni ó ni iṣẹ́. Ó ti padà sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn tí Ògúndé dúró sí, ibi tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́ ti ń san owó kí ó tó wọlé. YouTube náà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn òṣèré tí ó ní ìkànnì tiwọn ń rí dọ́là gbà, àwọn òǹwòran ń wá sọ́dọ̀ wọn tààrà, màkẹ́tà ti di ìtàn fún wọn. Òṣèré tí ó kàn wá ṣeré nínú fíìmù wọn ṣì wà níbi tí ó wà ní Ìdúmọ̀tà: lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó tán síbẹ̀. Àwọn tí ó ra fíìmù àtijọ́ pa náà ti ń gbé wọn sórí YouTube. Mo máa ń rí ara mi níbẹ̀, tínrín, pẹ̀lú irun tí n kò ní mọ́, ìpolówó ọjà a kọ́kọ́ jáde kí n tó yọ. Àwọn ènìyàn a máa kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, “Ìyá yìí á ti lówó gan-an o.”

Ní Amẹ́ríkà, àwọn òṣèré daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1960 títí àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù fi gbà láti máa san nǹkan fún wọn nígbà tí wọ́n bá gbé fíìmù wọn sórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n tún daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù keje sí oṣù kọkànlá ọdún 2023 nítorí pé owó tí ń wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kò tó nǹkan, àti nítorí ẹ̀rọ tí ó lè ṣe àdàkọ ojú àti ohùn ènìyàn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó dúró sójú ọ̀nà pẹ̀lú pátákó lọ́wọ́ kì í ṣe olówó rárá. Wọ́n jẹ́ ojú tí a mọ̀ tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ tiwa mọ bí a ti ń parí ìjà, wọ́n sì máa ń dúró ti ẹni tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, n kò kóyán wọn kéré. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń ṣeré, a kò tíì gbé ìwé àdéhùn kan síwájú mi tí ó sọ ohun tí yóò tọ́ sí mi ní ọdún kejì tí wọ́n bá tún fi ojú mi pa owó. A ò lè daṣẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú. Bí èmi bá kọ̀, ọmọ ìyá kan wà ní àdúgbò kejì tí yóò ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ kí ojú rẹ̀ lè hàn, òkìkí ni wọ́n sì ní àwọn fẹ́ san fún un.

Báyìí, bí wọ́n bá pè mí, kí n tó béèrè irú aṣọ tí n ó gbé dání, mo ń béèrè ẹni tí ó ni ìkànnì tí fíìmù yóò wà. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé bí ó bá ti wà níbẹ̀ fún ọdún kan, ìpín kékeré kan nínú ohun tí ó pa jẹ́ tèmi. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ onífíìmù a rẹ́rìn-ín, wọn a ní, “Màámi, ẹ̀yin náà ti mọ YouTube.” Díẹ̀ nínú wọn gbà, wọ́n sì ń san án. Àwọn kan fi owó kún ti àkọ́kọ́ kí n lè fi ọ̀rọ̀ ìpín sílẹ̀. Àwọn tó kù kò pè mí mọ́, mo sì gbọ́ pé wọ́n ní àgbà ti ń sọ mí di ẹlẹ́nu ṣóńṣó. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi ni mo fi ń kọ ìwé eré tèmi. Obìnrin kan tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni, opó, ó ń ta ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́ kan, ọkùnrin kan sì ń wá ra gègé lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ bí ẹni pé gègé a máa tán lálẹ́. Mo ti ń bá àwọn ojúgbà mi tí mo bá ṣe àáró sọ̀rọ̀. Ó tó kí wọ́n wá roko tèmi. Ọmọ mi obìnrin ni yóò bójú tó ìkànnì náà, gbogbo ẹni tí ó bá jáde nínú rẹ̀ ni yóò sì ní ìpín tirẹ̀ nínú ìwé. Kò sí ìyá ọkọ kankan nínú ìtàn náà.